Ẹ Tún Ìwé Ìdílé Ṣe Nígbà Tí Ẹlẹ́rìí Ṣì Wà

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn ìdílé, òtítọ́ kì í dá rìn. Ẹnìkan ni yóò fà á lọ́wọ́, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ tètè gbéra. Bí ìyá àgbà tó mọ ẹni tó bí ẹni bá ti papò dà, àṣìṣe inú ìwé di ìtàn nìyẹn. Àwọn ọmọ Èkó á dà á kọ, àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tó bá yá, a ó rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́wàá la ní, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹnìkan péré ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Nínú ẹjọ́ ogún tí à ń pè ní Dawodu àti Danmole, ìyàwó mẹ́rin ló bí ọmọ mẹ́sàn-án fún olóògbé. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a ní 1962 pé ìdí igi ni kí wọ́n fi pín ogún náà, ìpín kan fún ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá wá kọ ọmọ sábẹ́ ìyá tí kò bí i, ìpín ẹlòmíràn ló ń gbé kiri.

Ara orúkọ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá to ọmọ ìyá kan ní Táyéwò, Kẹ́hìndé, Àlàbá, ẹ béèrè Ìdòwú. Ó lè jẹ́ pé kékeré ló ti kú, tí akọ̀wé sì fò ó. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ìyá mìíràn ni wọ́n kó mọ́ wọn. Bí ẹ bá rí Babátúndé, tí bàbá àgbà méjèèjì ṣì wà láàyè lójú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ẹ tún ọjọ́ wọ̀nyẹn yẹ̀ wò. Ẹ má kàn bi ìyá àgbà pé ọdún wo ni. Ẹ bi wọ́n bóyá a ti bí ìyá wọn nígbà Ogun Adubí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, bóyá àbúrò wọn ti tó ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ dé ní 1955, bóyá pọ́n-ùn ni wọ́n ná níbi ìsìnkú ẹni náà tàbí náírà tó dé ní 1973. Ìdáhùn á jáde.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ lọ bá ojúlé kejì, kí ẹ má sì gbàgbé àwọn ìyàwó ilé. Àwọn ló ń ki ọmọ láràárọ̀, wọ́n mọ ohun tí bálé ti gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ má lọ kọ ọ́ sójú gbogbo ẹbí pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n tó ṣe ìwé náà kọ. Ẹ pè wọ́n lápá kan: “Ẹ kú iṣẹ́ ìwé yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ìyá wa sọ fún mi yàtọ̀ díẹ̀. Kí lẹ̀yin gbọ́?” Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, ẹ má pa èyí àtijọ́ rẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ìkànnì FamilySearch, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè tún igi ìdílé kan náà ṣe, ń tọ́jú orúkọ ẹni tó yí nǹkan padà, a sì lè dá a padà síbi tó wà. Ìwé olójú ewé tó wà nínú àpótí bàbá yín nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti da ti àtijọ́ kọ.

Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ọmọ tí bàbá mìíràn tọ́, baba ńlá tó wọlé bí ìwọ̀fà: ẹ má kọ irọ́ nípa wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú gbogbo ẹbí ni a ti ń tú àṣírí wọn. Ọwọ́ olórí ẹbí ni kí àkọsílẹ̀ náà wà. Bí ẹni tọ́rọ̀ kàn bá ṣì wà láyé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.