Onídùúró Dà?

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà, mo máa ń gbọ́ yín nírọ̀lẹ́ tí ẹ bá ń jiyàn ogun Ukraine bí ẹni ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan á ní kí wọ́n jà títí kan ẹni ìkẹyìn. Òmíràn á ní kí wọ́n fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún Rọ́ṣíà, kí ọlọ́mọ lè rójú tọ́ èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í pẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ fi ń pe èkejì ní ojo, tí èkejì náà á ní kò sí ohun tó rọrùn bíi kí èèyàn jókòó sí Ọ̀fà kó máa jagun Kyiv. Èmi ò bínú sí iyàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ń jà á bí ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ìlú rẹ̀ rí.

Ó ṣẹlẹ̀. Orí ilẹ̀ tí ẹ jókòó sí yìí náà ni.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn lé ọmọ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá nítòsí Ìkìrun, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ. Ogun Jálumi nìyẹn. Àwa fara ti Ìbàdàn nígbà náà, Ìlọrin kò sì gbàgbé. Wọ́n wá dó ti Ọ̀fà, Kàrárà, Balógun Gàmbàrí, sì ni olórí wọn tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ lẹ́nu wa títí dòní. Ó lé ní ọdún márùn-ún tí wọ́n fi wà lẹ́yìn odi wa. Ìbàdàn rán jagunjagun wá ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ogun Kírìjì ti gba ọ̀pọ̀ okun Ìbàdàn lọ sí ìhà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni wọ́n lè fún wa.

Ìjàkadì ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń kí ọmọ Ọ̀fà, ẹ sì fẹ́ràn láti máa fi yangàn. Ẹ rántí pé ìjàkadì ní onílàjà, ó ní àwọn tó ń wòran, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá sì ti kan ilẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìdótì kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìwé ìtàn a máa ka orúkọ balógun jọ, ṣùgbọ́n olóúnjẹ ni ìdótì ń bá jà. Oko wà lẹ́yìn odi, ọ̀tá wà lóko. Ẹni tó fẹ́ lọ wa iṣu ní láti fi ẹ̀mí wewu, ẹni tí wọ́n bá sì mú di ẹrú tí wọ́n máa tà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ogun dé ti lè sáré, ó ti lè rán ara rẹ̀ níṣẹ́, kí ó tó rí ọ̀nà oko lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé ẹ wá rò pé èrò ará ìlú lè dúró sójú kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kò lè ṣe é. Ẹ wo Ukraine tí ẹ ń jiyàn lé lórí. Nígbà tí àjọ aṣèwádìí Gallup bi wọ́n ní 2022, 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí àwọn jà títí àwọn á fi borí. Ní 2025, 24 péré ló ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. 69 ló fẹ́ kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ kí ogun tètè parí. Ẹ ò ní pẹ́ sọ pé àyà wọn ti já. Ẹ ní sùúrù. Ilé ìwádìí kan ní Kyiv bi wọ́n léèrè ní 2025 kan náà bóyá wọ́n lè gbà kí ilẹ̀ wọn lọ kí àlàáfíà lè dé, ó sì lé ní ìdajì àwọn tó ní àwọn ò gbà. Àárẹ̀ mú wọn, wọ́n fẹ́ kí ìbọn dákẹ́, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ fi ilẹ̀ bàbá wọn tọrọ. Ẹni tí kò tíì gbé inú ogun rí ni yóò pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ àìnírònú. Mo gbà pé bí ẹnìkan bá gbé irú ìbéèrè yẹn kiri agboolé Ọ̀fà nígbà ìdótì, ohun kan náà ni ì bá gbọ́.

Ní 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Kírìjì. Samuel Johnson àti Charles Phillips, oníwàásù méjì, ló ń rìn láàárín àgọ́ méjèèjì títí ọ̀rọ̀ fi yanjú, ìjọba òyìnbó ní Èkó sì dúró lẹ́yìn àdéhùn náà. Ìbàdàn kò sọ pé òun ṣẹ́gun, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá a jà, náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kálukú fi nǹkan sílẹ̀. Inú mi a máa dùn sí ìwé náà, inú mi a sì máa bàjẹ́, nítorí Ọ̀fà kò jèrè níbẹ̀. Wọ́n ní Ẹ́mírì Àlíyù fúnra rẹ̀ kò kọ àlàáfíà, ṣùgbọ́n Kàrárà ló wà lójú ogun, Kàrárà sì kọ̀, kò ká àgọ́ rẹ̀. Kírìjì pa rọ́rọ́, Ọ̀fà ṣì wà nínú ìdótì.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìlú fọ́. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn rẹ̀ fún wa ni pé àwọn kan nínú àwọn àgbààgbà gbà pé bí a bá túúbá, Ìlọrin á dárí jì wá. Àwọn yòókù kò gbà á gbọ́. Nígbà tí ọmọ ogun Ìbàdàn ń kó kúrò, wọ́n tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìkìrun, tọmọdé tàgbà. Àwọn tó gba ìlérí gbọ́ dúró. Kàrárà wọlé, ó sì pa àwọn ẹni ńlá inú wọn.

Tí mo bá ti pa ìtàn yìí dé ibí, ọ̀kan nínú yín á ní, “Bàbá, òmùgọ̀ ni wọ́n.” Rárá o. Ọ̀fà ti gbé abẹ́ Ìlọrin rí kí Jálumi tó dé, a san ìṣákọ́lẹ̀, a sì wà láàyè. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìbọ̀lọ́, agbègbè wa yìí, ló wárí tí ẹnikẹ́ni kò pa wọ́n run. Ohun tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́. Wọn ò ṣì í nítorí pé wọ́n fẹ́ àlàáfíà. Ibi tí mo ti dá wọn lẹ́bi ni pé kò sẹ́ni tó dúró fún ìlérí náà: ta ni wọn yóò mú bí Kàrárà bá yẹ àdéhùn? Ní Kírìjì, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé Èkó á bi òun. Ní Ọ̀fà, kò sí Èkó, kò sí oníwàásù, kò sí ìlú kẹta. Ukraine náà mọ ìrora yìí. Ní 1994 wọ́n gbà láti kó ohun ìjà átọ́míìkì tó wà lórí ilẹ̀ wọn lọ, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á bọ̀wọ̀ fún ààlà wọn. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé, Rọ́ṣíà, gba Crimea lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé lónìí, kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n lè fi sílẹ̀, onídùúró ni wọ́n ń bèèrè.

Ó ku ẹ̀bi kan tí n ò ní gbé lé àwọn tó dúró lórí. Nínú ìlú tó wà nínú ìdótì, ẹni tí wọ́n bá pè ní ojo tàbí ọ̀dàlẹ̀ nítorí pé ó dárúkọ àlàáfíà kì í dákẹ́. Kọ̀rọ̀ ló ń lọ. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bi í bóyá ó ti rí onídùúró, kò sí jagunjagun tó máa sọ fún un ohun tí odi ṣì lè gbà, kò sí ìyá tó máa ní, “Tiwa ńkọ́?” Ẹnu àwọn akíkanjú ló máa ń lé àdéhùn wọnú òkùnkùn, àwọn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bínú pé òkùnkùn ni wọ́n ti ṣe é. Bí ìlú bá fẹ́ jà, kí gbogbo rẹ̀ jà. Bí yóò bá kó lọ, kí gbogbo rẹ̀ kó lọ. Bí yóò bá túúbá, kí ó túúbá ní gbangba, kí gbogbo ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Tiwa pín sí méjì, apá kan sì ni ó kú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé jíjà nìkan ni iyì. Ẹni tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ. Ìjẹ̀bú ja òyìnbó ní Ìmàgbọ́n ní oṣù karùn-ún 1892, ìbọn Maxim sì tú wọn ká. Ìbàdàn rí i, ó rojọ́ díẹ̀, ó kùn díẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìjọba òyìnbó Èkó ní 1893. Ta ni nínú yín tó láyà láti lọ sí Ọjà’ba lọ pe Ìbàdàn ní ojo? Àwọn tó sá lọ sí Ìkìrun náà kì í ṣe ojo. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ òwò Royal Niger ṣẹ́gun Ìlọrin ní oṣù kejì 1897, ọmọ Ọ̀fà tún kọ́ ilé sórí àlàpà, ọ̀pọ̀ nínú wa sì jẹ́ ọmọ àwọn tó sá náà. Ìlọrin tó dó tì wá nígbà náà ti di àna wa. Ọmọ méjì ni mo ti fún wọn, n ò sì ní gbà kí ẹ fi ìtàn yìí gbé ìjà ko àwọn ọmọ ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí kì í ṣe ti Kàrárà mọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, nínú ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ohùn méjì nínú ìpàdé: kí a kó ọdẹ àti fijilanté jọ, tàbí kí a rán ẹni tó mọ̀ wọ́n lọ bá wọn dúnàádúrà. Mi ò tíì mọ èyí tí mo máa gbè. Ẹni tó bá ní kí a sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ sókè, ẹ má hó lé e lórí. Ẹ kàn bi í pé ta ni yóò dúró fún ìlérí wọn. Ẹni tó bá ní kí a jà, ẹ bi í pé ta ni yóò máa bọ́ ilé ọdẹ tó bá kú. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń sùn láàárín ìlú tó dìde, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń jí lọ sóko lójoojúmọ́ kọ́kọ́ sọ tiwọn.