Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo inú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bá ní ká ṣí Bíbélì, tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ níbi tí ìwé ìṣírò owó ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́: awò kan ṣoṣo ni àgbàlagbà mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan gbé e sójú, ó tì í wálẹ̀ sórí imú. Èkejì gbà á, ó na ìwé jìnnà réré. Owó ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ti gbọ́ iye tí ilé awò kan pè fún aládùúgbò wọn, wọ́n sì ti gbà pé awò tó bá ojú àwọn mu kọjá agbára àwọn. Irú wọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí pé púpọ̀ nínú owó yẹn ló ṣeé dín kù láìpa ojú lára.

Bí ẹ bá ti lé ní ọmọ ọdún 40, tí ẹ ṣì ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa, àmọ́ tí òwú kò ríhò abẹ́rẹ́ wọ̀ mọ́, ọjọ́ orí ni. Awò ìkàwé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n kọ +1.00, +1.50 tàbí +2.00 sí lára, lè tó yín bí ojú méjèèjì bá ń ríran bákan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní Bangladesh, àwọn olùwádìí fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní irú awò bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024 fi hàn pé láàárín oṣù 8, owó tó ń wọlé fún wọn fi nǹkan bí ìdá 33 nínú 100 ju ti àwọn tí kò tíì rí i gbà. Télọ̀ wa, ahunṣọ wa, ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà: ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀.

Àmọ́ ọmọdé tí kò rí ojú pátákó, ẹni tí kò rí nọ́ńbà ọkọ̀ títí yóò fi dé ìdí rẹ̀, ẹni tí ojú ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kò dọ́gba, awò ọjà kò lè ṣe tiwọn. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní glaucoma kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò jáfara rárá. Àìsàn náà kì í sábà dunni; ẹ̀gbẹ́ ìríran ló ti ń jẹ bọ̀, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní tirẹ̀, kí ó jẹ́ kí ṣúgà rọlẹ̀ kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà awò fún un, torí bí ṣúgà bá ń lọ sókè sódò, nọ́ńbà á máa yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè ẹni tó fẹ́ yẹ ojú yín wò. Dókítà ojú ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Optometrist ló ń yẹ ojú wò, tó ń kọ awò. Optician ló ń to dígí sínú férémù. Ní Nàìjíríà, Optometrists and Dispensing Opticians Registration Board ló ń forúkọ àwọn méjì ìkẹyìn sílẹ̀, nítorí náà kò sí àrífín nínú kí ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín.

Optometrist tó mọṣẹ́ yóò bi yín ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, torí awò dẹ́rẹ́bà yàtọ̀ sí ti télọ̀. Ó lè ní kẹ́ ẹ yọjú wo inú ẹ̀rọ kan. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yẹn bá gbé jáde, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Yóò bo ojú kan, yóò máa pààrọ̀ dígí níwájú èkejì, á máa béèrè pé, “Èyí ńkọ́? Àbí ti àkọ́kọ́ ló mọ́lẹ̀ jù?” Ẹ má tijú láti sọ pé ẹ kò rí ìyàtọ̀, ìdáhùn gidi nìyẹn. Ẹni tí kò kàwé náà kò ní ìṣòro: pátákó kan wà tí lẹ́tà E inú rẹ̀ ń kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, ọwọ́ lásán la fi ń júwe rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò tan iná wo inú ẹyinjú, yóò sì wọn ìfúnpá inú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti parí gbogbo rẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fa férémù jáde, ẹ dìde.

Kí ẹ tó jáde, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò yín. OD ni ojú ọ̀tún, OS ni ti òsì. ADD ni àfikún fún ìwé kíkà. Ẹ ní kí wọ́n kọ PD sí i, ìyẹn àlàfo àárín ọmọlójú méjèèjì, tó sábà máa ń wà láàárín 54 sí 74 mìlímítà fún àgbàlagbà. Bí àárín dígí kò bá bá PD mu, orí lè máa fọ́ yín bí nọ́ńbà tilẹ̀ pé. Ìwé yìí lẹ ó fi wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, tí ẹ ó fi béèrè iye lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣe-bí-o-ti-mọ kì í tẹ́. Orúkọ ńlá tó wà létí férémù ló ń gbówó lérí, kò sì fi nǹkan kan kún ìríran. Bí férémù àtijọ́ yín bá ṣì le, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ dígí inú rẹ̀. Dígí tó ń dúdú nínú oòrùn kì í ṣe dandan. Èyí tí wọ́n ní ó ń dá iná búlúù fóònù dúró, àtúnyẹ̀wò Cochrane ti 2023 kò rí ẹ̀rí pé ó ń dín àárẹ̀ ojú kù ju dígí lásán lọ. Ti ọmọdé nìkan ni n kò ní gbà kẹ́ ẹ ti ṣọ́wó ná: ẹ ra dígí polycarbonate, tí kì í tètè fọ́, fún un, torí dígí tó bá fọ́ lójú ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè gba ojú náà lọ.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, kó gba ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn UCH n’Ìbàdàn lọ, tàbí Guinness Eye Centre ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, l’Ékòó, kó béèrè iye tiwọn. Kó bi àwọn adójútòfò ìlera rẹ̀ bóyá wọ́n ń san owó awò mọ́ ti àyẹ̀wò. Kó sì fetí sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀: ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò Jigi Bola 2.0, pẹ̀lú ìpinnu láti pín awò mílíọ̀nù 5.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba awò, ẹ mú ìwé àyẹ̀wò dání, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn dígí náà lójú yín. Ẹ bo ojú kọ̀ọ̀kan wò, ẹ kàwé, ẹ bọ́ sí ìta, ẹ rìn díẹ̀. Ilẹ̀ lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó dagun. Ojú á mọ́ ọn lára láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí orí ṣì ń fọ́, ẹ dá a padà fún wọn, kí wọ́n tún ojú yín yẹ̀ wò láìgba owó míì, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti bá wọn ṣàdéhùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ni.