Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ERÉ TÍ KÒ NÍ Ọ̀TA, TÍ KÒ NÍ Ọ̀PẸ

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Ẹ kà á sókè kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè gbọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí òǹkà wà, ẹ dúró, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

1. Ayò àti eré mìíràn

Gbogbo wa la mọ ayò. Ọpọ́n ayò ní ilé 12. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 4. 4 lọ́nà 12 jẹ́ 48. Ènìyàn méjì ló ń ta á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí wọ́n ń pa láyò ni ọ̀pẹ. Ẹni tí kò mọ ìṣirò kò lè di ọ̀ta láéláé. Kí ọ̀ta tó kó ọmọ ayò sọ́wọ́, ó ti mọ ilé tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí.

Lóde òní, àwọn kan ti ṣe eré orí tábìlì tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀kan ń jẹ́ Photosynthesis. Ọdún 2017 ló jáde. Igi ni wọ́n ń gbìn nínú rẹ̀, igi kan á sì máa ṣíji bo èkejì kí oòrùn má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Wingspan, tó jáde ní ọdún 2019. Elizabeth Hargrave, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni: ohun tí wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n ń gbé, àti ẹyin tí wọ́n ń yé.

Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni Pandemic, nítorí pé orúkọ Èkó wà lórí rẹ̀.

2. Bí eré náà ṣe rí

Ìtumọ̀ Pandemic ni àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé. Matt Leacock, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 2008. Wọ́n ya àwòrán gbogbo ayé sórí pátákó rẹ̀. Ìlú 48 ló wà níbẹ̀, iye kan náà pẹ̀lú ọmọ ayò. Ìlà ni wọ́n fi so ìlú mọ́ ìlú. Ìlà 3 ló jáde láti Èkó. Ọ̀kan lọ sí Kinshasa, ọ̀kan lọ sí Khartoum, ọ̀kan sì gba orí òkun lọ sí São Paulo ní ilẹ̀ Bràsíl.

Àrùn 4 ló wà nínú eré yìí. Àwọ̀ ni a fi ń mọ̀ wọ́n: pupa, dúdú, yẹ́lò àti búlúù. Àrùn kọ̀ọ̀kan ní ègé kéékèèké 24. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ọmọ àrùn. 24 lọ́nà 4 jẹ́ 96. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ àrùn ti wà ní ìlú 9.

Ènìyàn 2 sí 4 ló ń ṣe é. Wọn kì í bá ara wọn jà. Àrùn ni gbogbo wọn jọ ń bá jà. Bí wọ́n bá rí ìwòsàn fún àrùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn ló borí. Bí wọn kò bá rí i, gbogbo wọn ló fìdí rẹmi. Kò sí ọ̀ta, kò sí ọ̀pẹ.

Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń wo aláìsàn sàn kíákíá. Ọ̀kan ń wá oògùn. Ọ̀kan ń kọ́ ilé ìwádìí. Ọ̀kan ń ṣètò bí àwọn yòókù ṣe máa dé ibi tí a ti nílò wọn. Bí ó bá kan ẹnì kan, ohun 4 péré ló lè ṣe kí ó tó kan ẹlòmíràn. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbìmọ̀ pọ̀: ibo la máa kọ́kọ́ lọ? Ta ló sún mọ́ ibẹ̀ jù?

3. Òfin ọmọ mẹ́ta

Òfin kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa. Ọmọ àrùn kan náà kò lè ju 3 lọ ní ìlú kan. Bí ìkẹrin bá dé, kò sí àyè fún un mọ́. Àrùn máa kún àkúnwọ́sílẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì lọ sí gbogbo ìlú tí ìlà so mọ́ ìlú náà. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, eré ti parí nìyẹn. Àrùn ló borí.

Ó yá, ẹ mú ọmọ ayò, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ fa òbìrípo 5 sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìlú sí wọn: Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fa ìlà láti Èkó dé Abẹ́òkúta, láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, àti láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ fi ọmọ ayò 3 sí Ìbàdàn, 3 sí Ọ̀yọ́, 1 sí Èkó, 1 sí Abẹ́òkúta. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ọmọ 1 péré wọ Ìbàdàn. Kò sí àyè. Ọ̀kan lọ sí Èkó, Èkó di 2. Ọ̀kan lọ sí Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta di 2. Ọ̀kan lọ sí Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ náà ti kún. Ó kún wọ́lẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ sì di 1. Ìbàdàn tó ti kún ṣáájú kì í tún kún lẹ́ẹ̀kejì nínú ìrìn kan náà. Ẹ kà wọ́n: 3 àti 3 àti 2 àti 2 àti 1. Ó di 11. Ọmọ 1 ló wọlé, 3 ló lé sí i, àrùn sì ti dé ìlú tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún un tò bíi ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ọmọ náà tó dé, ẹ mú ọmọ 1 kúrò ní Ìbàdàn. Ìbàdàn ku 2. Nígbà tí àlejò bá dé, ó di 3. Kò kún wọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ 8. Ẹ rí i bí iṣẹ́ kékeré tí a tètè ṣe ṣe lágbára tó?

4. Èkó ní ọdún 2014

Ohun tí eré yìí ń kọ́ wa ti ṣẹlẹ̀ lójú wa rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń ṣàìsàn wọ ọkọ̀ òfurufú láti Làìbéríà wá sí Èkó. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fura pé Ebola ni. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Dókítà kọ̀ jálẹ̀. Òun náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ẹni tó ti fara kan aláìsàn kàn. Wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń bẹ olúkúlùkù wò, nítorí pé Ebola lè lúgọ sára fún ọjọ́ 21 kó tó hàn. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà. 8 kú, 12 yè. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ní Gínì, Làìbéríà àti Sàró, àwọn tó kú ju 11,000 lọ.

5. Ohun tí kò sí nínú eré

Nínú eré, ọmọ àrùn kì í purọ́, ìlú kì í sì í bẹ̀rù. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 yẹn, ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí fóònù pé kí ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún, Ebola kò ní mú un. Irọ́ gbáà ni. Àwọn tó gbà á gbọ́ di èrò ilé ìwòsàn, wọ́n sì ròyìn pé àwọn kan kú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ni irọ́ yẹn. Ẹni tó lè kàwé ló ń kà á, tó tún ń fi í ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà ti mọ̀wé kà báyìí. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ohun kan nípa àìsàn, ẹ bi í ní ìbéèrè 3: Ta ló kọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀? Kí ni òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò wa sọ nípa rẹ̀? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó ti dúró lọ́dọ̀ yín nìyẹn, kò kún wọ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Àjàkálẹ̀ àrùn: àrùn tó ń ràn káàkiri.
Àkúnwọ́sílẹ̀: kí nǹkan kún títí tó fi ń dà sílẹ̀.
Ilé ìwádìí: ibi tí a ti ń wá ìdí nǹkan.

Ìbéèrè

1. Ìlú mélòó ni ìlà so mọ́ Èkó nínú eré Pandemic?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ayò àti Pandemic?
3. Kí ló dé tí wọ́n fi bẹ àwọn ènìyàn wò fún ọjọ́ 21?
4. Ẹ tún ọmọ ayò tò sí ìlú 5 yẹn. Ẹ fi 3 sí Èkó, 2 sí Abẹ́òkúta, 1 sí Ìbàdàn. Bí ọmọ 1 bá wọ Èkó, mélòó ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́? Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.