ÌTỌ́JÚ ẸRAN ÀTI ÀJẸKÙ RẸ̀: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ARÁ Ọ̀WỌ̀ ÀTI Ọ̀SẸ̀

Nígbà tí Olúwa wa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin pẹ̀lú ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì, kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí síbẹ̀. Ó rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọn kó ohun tí ó kù jọ, agbọ̀n méjìlá sì kún. Ẹni tí ó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ kò fi ojú kékeré wo àjẹkù. Ǹjẹ́ ó ha yẹ kí àwa tí ń fi òógùn ojú jẹun máa da oúnjẹ nù?

Àwọn baba wa mọ ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ní ayé wọn, àjẹkù ní olúwa tirẹ̀: ohun tí àgbà bá fi sílẹ̀ nínú àwo, ọmọdé ni ó ni ín. Lónìí, gọ́tà àti àkìtàn ni a ń fi àjẹkù ta lọ́rẹ, èkúté ni ó sì ń jẹ ẹ́. Ní àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Nítorí náà ni a fi ṣe ẹ̀kọ́ yìí fún alápatà, fún ẹni tí ń yan ẹran tà, fún ẹni tí ń sin ẹran, àti fún ìyá tí ń rà á lọ sí ilé.

1. OHUN TÍ Ó WÀ LÁRA ẸRAN KAN

Bí a bá pa màlúù tí ó wọn 300 kìló, ẹran àti egungun tí alápatà yóò gbé kọ́ kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn wa kì í jẹ́ kí ìdajì kejì ṣòfò pátápátá: awọ di pọ̀nmọ́, orí àti ẹsẹ̀ ní olùrà tiwọn, ṣàkì, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti fùkù sì wọ inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà, bí 10 kìló. Koríko àti ìgbẹ́ inú ikùn wà, tí ó lè ju 30 kìló lọ. Ìwo, pátákò àti egungun sì wà pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ odò ẹran, omi ni a fi ń gbá ìwọ̀nyí lọ sínú gọ́tà, gọ́tà a sì gbé wọn dé inú odò tí àwọn ẹlòmíràn ń pọn ní ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò kékeré kan lórí ẹran tí a ń tà. Ká ní alápatà pín màlúù rẹ̀ sí ìdì 60, tí owó ìdì 50 sì san owó màlúù, owó ọkọ̀ àti owó àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Ìdì 10 tí ó kù ni èrè rẹ̀. Bí ìdì 5 péré bá bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ lè wò ó bí ohun kékeré lára 60, ṣùgbọ́n ìdajì oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni òfò ń wọ inú òwò.

2. ÌDÍ TÍ ẸRAN FI Ń BÀJẸ́

Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹran tútù ni ó jẹ́ omi. Nínú omi yìí ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń bí sí i. Nínú ooru tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bà lé ẹran ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ yóò ti ju 260,000 lọ kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù. Ìdí nìyí tí ẹran àárọ̀ fi ń rùn ní ọ̀sán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi lè dá wọn dúró: kí a mú ooru kúrò, kí a mú omi kúrò, tàbí kí a má tilẹ̀ jẹ́ kí wọn dé orí ẹran. Ìwọ alápatà, pa ẹran ní ìdájí. Fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti pátákó rẹ. Gbé ẹran kọ́, má ṣe tẹ́ ẹ sí ilẹ̀. Fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí tí ẹran sì ṣẹ́ kù, má ṣe dúró de olùrà tí kò dájú. Gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, fi iyọ̀ pa á lára, kí o sì gbé e sórí iná tí kò le, títí omi yóò fi gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ọdẹ tí ń wọ igbó Ìfọ̀n ti mọ iṣẹ́ yìí láti ìgbà àwọn baba wọn. Ẹran tí a yan gbẹ dáadáa, tí a fi sínú agolo onídèérí, kò bẹ̀rù pé iná mànàmáná lọ.

A kìlọ̀ pẹ̀lú pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi táyà sun irun tàbí awọ ẹran. Èéfín táyà ní májèlé nínú, ó sì ń wọ ara ohun tí a ó jẹ. Igi gbígbẹ ni kí ẹ lò.

3. EWÉ ÀTI Ọ̀RÁ

Kí ọ̀rá tó kún ọjà wa, ewé ni a fi ń pọ́n ẹran. Ewé eéran ń hù ní ibi tútù lábẹ́ igi, àní nínú oko kókó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí. Ó gbòòrò, ó lágbára, nígbà tí a bá sì jù ú nù, ilẹ̀ a gbà á padà láìpẹ́. Ẹni tí ó bá ń já a kí ó fi àwọn ọ̀dọ́ ewé sílẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè rú. Kí a fọ̀ ọ́, kí a fi han iná díẹ̀ kí ó lè rọ̀, kí a sì fi méjì léra fún ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

Ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tí a fi gbé ẹran láti ọjà dé ilé, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jù ú nù lè kú kí ó má tíì jẹrà. Ó ń dí gọ́tà, omi a sì dúró, ẹ̀fọn a sì yé sí i. Nítorí pé òórùn ẹran àti iyọ̀ wà lára rẹ̀, ewúrẹ́ a jẹ ẹ́. Kò lè dà nínú rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde. A wé mọ́ra nínú ṣàkì títí ẹran náà yóò fi rù tí yóò sì kú. Àwọn alápatà tí ń la ikùn ewúrẹ́ ìgboro mọ̀ pé òtítọ́ ni a ń sọ. Ẹ kíyèsí i: ohun tí a fi di ẹran lánàá ni ó ń pa ẹran ti ọ̀la.

Síbẹ̀, a kì yóò parọ́ mọ́ ọ̀rá. Ẹran tí a fi ọ̀rá tí ó nípọn dì, tí atẹ́gùn kò sí nínú rẹ̀, tí a sì gbé sínú òtútù tí kì í dáwọ́ dúró, a máa pẹ́ ju èyí tí a fi sílẹ̀ lásán lọ. Ìdì tí ó gba oúnjẹ là kò ṣòfò. Èyí tí ó ṣòfò ni èyí tí a fi wé ìdì mẹ́ta léra fún ẹran tí a ó sè ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de àwọn abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a ń fi gbé oúnjẹ nítorí pé wọ́n dí gọ́tà ìlú náà. Kò yẹ kí àwa dúró de òfin. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mú abọ́ onídèérí lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lọ ra ẹran. Ẹ̀yin tí ń ta àsun, ẹ má ṣe da ẹran gbígbóná sínú ọ̀rá dúdú, nítorí a kò ṣe é fún oúnjẹ gbígbóná. Ewé ni kí ẹ lò.

4. ÀJẸKÙ, ÈKÚTÉ ÀTI IBÀ LASSA

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa gbé wúwo jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ajíhìnrere ní ìlú Lassa, ní Bọ̀rnó, ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, níbẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti rí kòkòrò àrùn náà, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi pè é.

Eku kékeré kan tí ó ní ọmú púpọ̀, tí ń gbé inú oko àti inú ilé, ni ó ń gbé àrùn yìí kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fi ba oúnjẹ àti ohun èlò jẹ́. Àrùn náà a sì máa ti ara aláìsàn ran ẹlòmíràn nípa ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara. Ní ọdún 2018, nígbà tí ó jà gidigidi ní Nàìjíríà, Ẹdó, Òǹdó àti Ẹ̀bọ́nyì ni aláìsàn ti pọ̀ jù. Ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó sì rèé, ẹkùn Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà lára àwọn ibi tí ó mọ̀ wá jù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin, ni ó máa ń le jù.

Kí ni ó kan alápatà nínú èyí? Ogiri tí kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Egungun tí ẹran wà lára rẹ̀ tí a jù sí ẹ̀yìnkùlé, ìfun tí a kò fọ̀ tí a dà sí etí odò ẹran, ọ̀rá tí ó ní ọ̀rá ẹran nínú: gbogbo wọn ni ìpè fún eku. Ẹran tí a sá sí orí páànù láìbò ni tábìlì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àjẹkù ẹran sùn ní gbangba mọ́jú. Ẹ fi í sínú garawa onídèérí, ẹ sì kó o lọ sí ibi tí ó jìnnà sí ilé. Ẹ dí ihò ara ògiri. Ẹ sin ológbò. Oúnjẹ tí eku bá ti fi ẹnu kàn, ẹ má ṣe gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ jẹ ìyókù. Ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ lásán mú eku, yálà òkú tàbí ààyè.

Láàárín ọjọ́ 2 sí 21 lẹ́yìn tí àrùn bá wọ ara ni ó ń fara hàn: ibà, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èébì, ara ríro, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni kò ní rí ju àìsàn díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìyókù lè kú, etí ẹlòmíràn a sì di lẹ́yìn rẹ̀. Ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà, ẹ má ṣe fi í pamọ́. Ní Ọ̀wọ̀ gan-an ni Federal Medical Centre wà, níbi tí a ti ń tọ́jú ibà Lassa. Oògùn a sì ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá tètè dé.

5. SÍSỌ ÈÉRÍ DI ỌRỌ̀

Ohun tí a kò lè jẹ, ilẹ̀ lè jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ inú ikùn ẹran dára fún oko. Ní ibi tí ó jìnnà sí kànga àti odò, ẹ to ewé gbígbẹ àti èèpo kókó tí a ti gé wẹ́wẹ́ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ da ìgbẹ́ lé e ní ìdajì ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ tún to ewé, títí òkìtì yóò fi ga dé àyà. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ ti igi bọ inú rẹ̀: bí igi náà bá jáde ní gbígbóná, iṣẹ́ ń lọ, nítorí ooru yẹn ni ó ń pa kòkòrò àti èso èpò. Ẹ máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní oṣù kẹta yóò ti dúdú, kò sì ní rùn mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ gbà sínú agbada mímọ́. Ẹ sè é, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi dì. Ẹ sá a lábẹ́ àwọ̀n títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Kìló 3 nínú 100 kìló oúnjẹ adìẹ tó. Egungun tí a ti sè mu ní ọbẹ̀, ẹ sun ún nínú iná líle títí yóò fi funfun, ẹ gún un, ẹ sì fi í sí ìdí àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun màlúù bọ́ màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ó tan àrùn ọpọlọ kan kálẹ̀ láàárín màlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a dá mọ̀ ní ọdún 1986, ó sì pa ènìyàn lẹ́yìn náà.

Ní Ìbàdàn, àwọn kan gbèrò láti kó ẹ̀gbin odò ẹran Bódìjà sínú àgbá tí a dé pa, kí èéfín tí ó bá jáde lè di iná ìdáná, kí ìyókù sì di ajílẹ̀. Èrò náà gba ẹ̀bùn Seed láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ní ọdún 2005. Bí ẹgbẹ́ alápatà bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára wọn.

Ẹran tí ó bá kú fúnra rẹ̀ nìkan ni a yọ kúrò nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ má ṣe là á, ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2023, a rí àrùn anthrax lára ẹran ní Ìpínlẹ̀ Niger. Àrùn náà a máa pa ènìyàn. Ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì sin òkú náà ní ihò jíjìn. Òfò kan wà tí ó sàn ju èrè lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Bí ìdì 5 bá bàjẹ́ nínú 60, kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ìdajì èrè ni alápatà pàdánù?
2. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni a fi ń dá ìbàjẹ́ ẹran dúró?
3. Nígbà wo ni ọ̀rá wúlò, nígbà wo ni ó sì di òfò?
4. Báwo ni egungun tí a jù sí ẹ̀yìnkùlé ṣe lè mú ibà wọ inú ilé?
5. Kí ni ìwọ yóò ṣe sí àjẹkù ẹran ilé rẹ ní alẹ́ òní?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí olúkúlùkù fi ọwọ́ dáhùn, kì í ṣe ẹnu. Kí Ọlọ́run kí ó bùkún agbo ẹran yín, kí ó sì pa ilé yín mọ́.