Èéfín Jẹnẹrétọ̀: Epo Pupa Kò Lè Tú Ohun Tó Dì Mọ́ Ẹ̀jẹ̀

Àwa nọ́ọ̀sì ẹ̀ka pàjáwìrì la kọ ìwé yìí. Ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ká mọ́lé lóru, ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, epo pupa á ti ro dé àyà aṣọ rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti rí i, wọ́n á ní: "Láàárọ̀ ni. A kọ́kọ́ fún un lépo ná." "Ná" yẹn ló ń bà wá lọ́kàn jẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀

Hẹmoglóbíìnì ni èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń dì í mú, ṣùgbọ́n kì í dì í pa: bó bá dé ọpọlọ àti ọkàn, á jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wọn. Carbon monoxide wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bó ṣe ń dì mọ́ hẹmoglóbíìnì lágbára ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ó tún ń mú kí hẹmoglóbíìnì há ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù mọ́wọ́, kó má fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọ́síjìn wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ kò rí i gbà.

Epo pupa kì í ṣe oògùn èéfín

Inú ẹ̀jẹ̀ ni májèlé yìí wà. Inú ikùn ni epo ń lọ. Wọn kì í pàdé. Kò sí iye ṣíbí epo tó lè já ohun tó ti dì mọ́ hẹmoglóbíìnì. Mílíìkì kò lè já a. Omi àgbọn kò lè já a.

Ẹ ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi mu epo, ó sì yè." Ẹ̀gbọ́n yín yè nítorí pé ẹ gbé e síta, ó rí afẹ́fẹ́ tó mọ́ mí. Afẹ́fẹ́ ló ṣiṣẹ́, epo ló gba ọpẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹni tó dákú kò lè gbé nǹkan mì. Epo tí ẹ rọ sí i lẹ́nu lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ni ọ́síjìn ìbá gbà wọlé láti gbà á là. Ẹ má rọ ọ́. Ì báà jẹ́ ìyá àgbà ló ní kí ẹ rọ ọ́, ẹ má rọ ọ́.

Ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ ìta lásán, ó máa ń tó wákàtí 4 sí 5 kí ìdajì carbon monoxide tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi ògidì ọ́síjìn bò ó nímú, kì í sábà ju wákàtí kan tàbí kan ààbọ̀ lọ. Wákàtí tí ẹ fi ń wá epo ni ọpọlọ fi ń bàjẹ́.

Ẹ̀rọ orí ìka

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kò mọ ọ́síjìn yàtọ̀ sí carbon monoxide lára hẹmoglóbíìnì. Ó lè gbé 98% jáde fún ẹni tó ń kú lọ. Ẹ má fi í tu ara yín nínú. Ẹ̀jẹ̀ la ń fà, tí a ń fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn.

Àmì

Orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀, ìṣesí tó dàrú. Bó bá mú ará ilé lápapọ̀, ẹ má pè é ní ibà.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbé e síta, kí ẹ̀yin náà má pẹ́ nínú ilé. Bó bá dákú tó ṣì ń mí, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ pe 112 tàbí kí ẹ wá ọkọ̀. Kí aboyún wá bó tilẹ̀ ní ara òun ti yá. Ewu ọmọ inú rẹ̀ lè ju tirẹ̀ lọ.

Ìdènà

Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, fáránda tàbí ìdí fèrèsé. Fèrèsé ṣíṣí kò tó. Ẹ má sun èédú nínú yàrá.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e síta ná, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀. Ẹ fi epo sílẹ̀ fún ọbẹ̀.