Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ AHỌ́N ṢE Ń DÀGBÀ NÍNÚ OYÚN EHORO



Nínú Súrátul-Balad, Ọlọ́hun ka ahọ́n àti ètè méjèèjì mọ́ ìkẹ́ Rẹ̀ lórí ọmọ ènìyàn. Báwo wá ni ahọ́n ṣe ń di ahọ́n? Ẹ jẹ́ kí á fi ehoro, tí ó rọrùn láti sìn ní Òkè-Ìmẹ̀sí wa níbí, kọ́ ẹ̀kọ́ náà, nítorí ètò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ènìyàn mu. Oyún ehoro jẹ́ bí ọjọ́ 31 péré.

(1) Ìbẹ̀rẹ̀: Nísàlẹ̀ ẹnu ọlẹ̀, kókó kéékèèké mẹ́ta a yọ: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan láàárín. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ a dàgbà bo ti àárín, wọn a so pọ̀ di iwájú ahọ́n. Kókó mìíràn níhà ọ̀fun ni ó ń di ìdí ahọ́n.

(2) Iṣan: Iṣan tí ń yí ahọ́n kò ti inú ẹnu wá. Ẹ̀yìn orí, nítòsí ọrùn, ni ó ti ń gbéra wá.

(3) Àjà ẹnu: Ní àkọ́kọ́, ahọ́n wà láàárín ìlàjì méjèèjì àjà ẹnu tí kò tíì pàdé. Bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti ń gùn, ahọ́n a sọ̀kalẹ̀, ìlàjì méjèèjì a sì pàdé lókè rẹ̀. Bí wọn kò bá pàdé, àjà ẹnu ọmọ a là, kò sì ní lè mu ọmú dáadáa.

Kí ni ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? A ń bí ọmọ ehoro láìní irun, ojú rẹ̀ dì, kò sì gbọ́ràn. Ìyá rẹ̀ sábà máa ń fún un lọ́mú lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, fún bí ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò pé, ebi ni yóò pa á.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ehoro tó lóyún ní oògùn láìbi dókítà ẹran. Ẹ̀yin arábìnrin, ti ara yín ńkọ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta oògùn thalidomide ní Jámánì ní 1957. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní 1961, ó ti ba apá àti ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ jẹ́ nínú oyún. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò lára ehoro fi irú ìpalára bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ má ṣe ra oògùn lọ́wọ́ oníkiri nígbà oyún. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí ojú kò rí ni à ń mọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye. Āmín.