Ẹ Má Fi Àṣírí Yín Sílẹ̀ Sórí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, mo mọ ohun tó ń mú yín fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe ọ̀rọ̀ ara yín. Iná kì í dúró nílé, dátà ti wọ́n gógó, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ibi iṣẹ́ ń dún, íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì yá. Ẹni tó jí jáde láago márùn-ún ìdájí nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó, tí ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó padà, ìgbà wo ni yóò ráyè wo èsì WAEC ọmọ rẹ̀, tàbí kó fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀? N kò ní pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olè.

Ohun tó ń ṣẹ́ kù síbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ wọlé sí báǹkì yín, kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kí òun tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀dà NIN wà níbẹ̀, BVN wà níbẹ̀, lẹ́tà tí ẹ fi ń wáṣẹ́ síbòmíràn náà wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lójijì, wọn kì í sábà fún èèyàn láyè kó palẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà náà fún ló jogún gbogbo rẹ̀.

Kò sì mọ sórí yín nìkan. Lọ́dún 2023, òṣìṣẹ́ kan ní Okta, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ààbò orí kọ̀ǹpútà gan-an ni iṣẹ́ wọn, fi àkáǹtì Google tirẹ̀ wọlé sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́. Páásíwọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ bá a lọ sínú àkáǹtì náà. Okta ní ó jọ pé ibẹ̀ ni àwọn olè ti rí i. Wọ́n sì dé inú fáìlì oníbàárà 134.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó àti ti ìdílé, orí fóònù yín ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú dátà tiyín, bó tilẹ̀ wọ́n. Bó bá di kàn-án-ń-pá, ẹ má gbà kí kọ̀ǹpútà tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ sì jáde nínú àkáǹtì kí ẹ tó dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù yín síbẹ̀, ẹ pa á rẹ́ lónìí, kí ẹ sì pààrọ̀ ti báǹkì kí ẹ tó sùn.